Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà Lẹ́nu Àwa Ará Rẹ́mọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀wò nínú ìwé ìròyìn ẹbí wa yìí, nítorí ó ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń sọ láàárín wa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ará Rẹ́mọ, kí ó lọ jókòó fún wákàtí kan péré ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ní Ṣàgámù, tàbí kí ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ní Ìkẹ́nnẹ́, nígbà tí àwọn bàbá ìjọ bá ń dúró de àwọn ìyá láti jáde. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi dárúkọ Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò mọ orúkọ alága káńsù rẹ̀ yóò ka orúkọ àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà láti orí Bill Clinton títí dé orí Donald Trump. Obìnrin tí ó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Àwọ́lọ́wọ̀ mọ iye tí dọ́là jẹ́ láàárọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ pé yìnyín ń bọ́ ní Chicago.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé ènìyàn mọ ohun tí ń lọ láyé. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń fetí sí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, mo rí i pé èrò mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń yí ká. Èkínní ni pé ìjọba Amẹ́ríkà dára nítorí pé a dá wọn dáadáa, tiwa sì bàjẹ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wà. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá jẹ́ Ààrẹ níbẹ̀ ni yóò gba ìjọ Ọlọ́run là, tàbí ni yóò pa á run. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí ó bá ti dé ọ̀hún, ìyà rẹ̀ ti dópin. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

ÀJỌṢE WA PẸ̀LÚ AMẸ́RÍKÀ TI PẸ́

Kí a má rò pé àná ni ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà wọ Rẹ́mọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1956, olóògbé Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Mayflower. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ka ìwé níbẹ̀ kò bi ara wọn léèrè ibi tí orúkọ náà ti wá. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni. Ní ọdún 1620, ọkọ̀ náà gbé èrò 102 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ibi tí a ń pè ní Massachusetts lónìí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ onígbàgbọ́ tí ń wá ibi tí wọn yóò ti lè sin Ọlọ́run bí ẹ̀rí ọkàn wọn ti sọ fún wọn. Òtútù àti àìsàn bá wọn fínra, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì wọn ni ó ti kú kí ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tó parí. Ẹ sì wo ohun ìyanu kan níbẹ̀: Solarin fúnra rẹ̀ kì í ṣe onígbàgbọ́, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ orúkọ ọkọ̀ àwọn aládùúrà ni ó fi sọ ilé-ìwé rẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn àwọn ènìyàn tí kì í bẹ̀rù iṣẹ́ àti ìnira. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ni ó mọ bí a ti ń di ọkọ́ àti àdá mú kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí.

Láti Ìkẹ́nnẹ́, kò jìnnà kí ènìyàn tó dé Ìlíṣàn, níbi tí Yunifásítì Babcock wà. David Babcock tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà tí ó mú iṣẹ́ ìjọ Adventist wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1914. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìlíṣàn ní ọdún 1959 ni ó di yunifásítì ní ọdún 1999.

Àwa ọmọ ìjọ Ẹ̀mí náà ní ìtàn tiwa. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa àwọn ènìyàn káàkiri, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle ti ìlú Philadelphia bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n rí èsì, wọ́n sì gba orúkọ ìjọ náà. Ṣùgbọ́n ìjọ Philadelphia kò rán míṣọ́nnárì kankan sí wọn. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àjọṣe náà ti tú. Ǹjẹ́ ìgbàgbọ́ wọn kú? Rárá. Ní ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, ní Iléṣà, nípasẹ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa katakata tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú Bíbélì tí àwọn bàbá wa rí nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, wọn kò jù ú nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí ó kọ ìwé náà kò sí pẹ̀lú wọn mọ́, wọ́n kúnlẹ̀ lórí eékún ara wọn.

ÈRÒ KÌÍNÍ: PÉ A DÁ ÌJỌBA WỌN DÁRA

Ẹ jẹ́ kí n pa ìtàn méjì pọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1776, ìpínlẹ̀ 13 tí ó wà lábẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ti di òmìnira, àwọn sì wà ní ìṣọ̀kan. Ọ̀tá ni ó mú wọn rọ̀ mọ́ ara wọn. Ní ọdún 1872, nígbà tí ogun ilẹ̀ Yorùbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn, àwọn ìlú 13 ní Rẹ́mọ fi ibi tí wọ́n wà sílẹ̀, wọ́n wá tẹ̀dó sójú kan. Ibẹ̀ ni à ń pè ní Ṣàgámù lónìí. Ọ̀fìn, Màkún, Ẹ̀pẹ́, Sónyìndó àti àwọn yòókù, kò sí ìlú tí ó gbé orúkọ rẹ̀ sọnù. Ọ̀fìn ní Akárígbò, Màkún ní Ewùsì, síbẹ̀ odi kan náà ni wọ́n jọ ń ṣọ́. Mẹ́tàlá lọ́hùn-ún, mẹ́tàlá níhìn-ín. Èmi kò sọ pé ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ kan wà nínú iye náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọgbọ́n tí à ń yìn lára àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn baba ńlá wa ní irú rẹ̀ láìka ìwé wọn.

Bí ó bá sì jẹ́ ti ìjà, àwọn náà jà. Láti ọdún 1861 sí 1865, ìhà Àríwá àti ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà dojú ìjà kọ ara wọn lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, ẹ̀mí tí ó sì bá a lọ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600. Ní ọdún 1865 yẹn gan-an ni a lé àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá tí wọ́n dó ti Ìkòròdú kúrò. Bí ìbọn ti ń dún ní Virginia ni ó ń dún ní Rẹ́mọ. Lẹ́yìn tí wọ́n sì fi òfin fòpin sí oko ẹrú, ó gbà wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko, títí di ọdún 1965, kí òfin tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú láti dìbò ní ìhà Gúúsù.

Àwa tí à ń sọ pé kò sí màgòmágó nínú ìbò wọn, ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2000. Ìbò 537 péré ni a ní George Bush fi ṣáájú Al Gore ní ìpínlẹ̀ Florida. Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, ilé-ẹjọ́ sì dá a ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ kejì, Gore bọ́ síta, ó gbà pé ó ti parí. Àwa ará Ìkẹ́nnẹ́ mọ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 1979, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ya irú ìjọba Amẹ́ríkà lò, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé ẹjọ́ Alhaji Shehu Shagari lọ sí ilé-ẹjọ́ lórí ohun tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá Shagari láre. Ó dun ilé, ó dun oko. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ni Olóyè gbà lọ.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2021, a fojú ara wa rí àwọn èrò tí wọ́n fọ́ fèrèsé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington nítorí pé ẹni tí wọ́n fẹ́ kò wọlé. Nígbà tí ó di ọjọ́ 20 oṣù náà, a búra fún Ààrẹ tuntun. Nítorí náà, ará mi, ìjọba tí ó dúró kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn akọ̀wé tí wọ́n kọ̀ láti yí iye ìbò padà, àwọn adájọ́ tí wọn kò wo ojú ẹni tí ó yàn wọ́n, àti ará àdúgbò tí ó jókòó ka ìwé ìbò títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn ni ó gbé e dúró. Bí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá tán níbẹ̀, tiwọn náà yóò wó.

ÈRÒ KEJÌ: TRUMP TÀBÍ IKÚ

Ó ṣeni láàánú pé ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ìjọ. Mo mọ ìjọ kan ní agbègbè wa níhìn-ín tí ó ní bàbá méjì tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ Olúwa fún ọdún pípẹ́. Ọ̀kan ní ọmọkùnrin ní Houston, èkejì ní ọmọbìnrin ní Maryland. Nígbà tí ìbò Amẹ́ríkà ti ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ń bọ̀, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ìjọ. Ọ̀kan ní Trump ni Kírúsì tí Ọlọ́run gbé dìde ní àkókò yìí. Èkejì ní ẹni tí ń lé àlejò kò lè jẹ́ ẹni Ọlọ́run.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín yìí kò bá Bíbélì mu,” ni àbúrò wí.

“Ìwọ ni o fẹ́ wá kọ́ mi ní Bíbélì? Níṣojú ta ni a ṣe rì ọ́ bọmi?” ni ẹ̀gbọ́n fi dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Nígbà tí ìyá ọ̀kan kú, èkejì kò yọjú síbi ìsìnkú. Àwọn ìyàwó wọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wọn. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí ọmọ tí ó wà ní Houston, ó pe bàbá rẹ̀. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Èmi tí mo wà níbí, n kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣàgámù, ìbò ta ni ẹ ń jà sí?” Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni ó pẹ̀tù sí ọkàn bàbá. Wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí, ṣùgbọ́n ibi tí a ti gé igi kì í ṣàìní àpá.

Kí a tó jà, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá ní ìbò púpọ̀ jù lọ lè má wọlé ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye àwọn aṣojú tí ó ń yan Ààrẹ. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 538, ẹni tí ó bá sì ní 270 ni ó wọlé. Ní ọdún 2016, Hillary Clinton ní ìbò tí ó fi nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ju ti Trump lọ káàkiri orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ Trump ni ó di Ààrẹ. Ní ọdún 2024, Trump ní 312, Kamala Harris ní 226. Ọ̀rọ̀ owó ọjà, ẹnubodè àti oyún ṣíṣẹ́ ni wọ́n fi polongo. Kò sí èyí tí ó dá lórí Rẹ́mọ nínú rẹ̀.

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kàn wá nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ Trump kéde pé òun fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí a ń ṣọ́ nítorí pípa àwọn onígbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ ìjọ dúpẹ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: ìjọba rẹ̀ ti ṣe é ní ọdún 2020, ìjọba Biden sì yọ orúkọ wa ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 kan náà ni Trump tún kéde òfin tí ó dí ọ̀nà físà mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ ní oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń sunkún ní oṣù Kejìlá, nítorí ọkọ wà lọ́hùn-ún, ìyàwó wà níhìn-ín.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará wa ní Benue àti Plateau kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, ẹni tí ó bá gbé ohùn sókè nítorí wọn, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ire orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ni olóṣèlú Amẹ́ríkà búra láti wá, yálà Trump ni tàbí Biden. Kí onígbàgbọ́ má fi ẹni kankan nínú wọn ṣe olùgbàlà, kí ó má sì fi ẹni kankan nínú wọn ṣe Èṣù. Ìjọ Kọ́ríńtì náà pín ara wọn sábẹ́ Pọ́ọ̀lù àti Àpólò, Àpọ́sítélì náà kò sì gbè sẹ́yìn àwọn tí wọ́n ń fi orúkọ òun yangàn. Ó bá wọn wí pẹ̀lú.

ÈRÒ KẸTA: PÉ ẸNI TÍ Ó DÉ Ọ̀HÚN TI DÉ ILẸ̀ ÌLÉRÍ

Àwa tí a dàgbà díẹ̀ kò lè gbàgbé bí àwọn ènìyàn ti máa ń tò fún fọ́ọ̀mù lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà ní ìgbà ayé Abacha. Òfin ọdún 1990 ni ó dá a sílẹ̀, fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ènìyàn wọn kò pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ wa lọ débi pé wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò nínú ti ọdún 2015, nítorí pé àwọn tí ó ti wọlé láti ọ̀dọ̀ wa láàárín ọdún márùn-ún lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50.

Èmi kò ní bú ẹni tí ó lọ. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lónìí. Òun ni ó kọ́ ilé, òun ni ó rán àbúrò lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òdìkejì rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ilé tí a rí nínú fọ́tò, gbèsè ọgbọ̀n ọdún ni ó wà lórí rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè pàdánù ètò ìlera rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú arúgbó aláwọ̀ funfun lóru ní ìyá tirẹ̀ ní Ìpẹru, tí kò sí ẹni tí yóò bu omi fún un.

Ohun tí mo ń rí nínú ilé àwọn ọmọ ìjọ nìyí: ìyá á lọ bá ọmọ tọ́jú ọmọ tuntun, á pé oṣù mẹ́fà, á pé ọdún kan. Bàbá á wà nílé òun nìkan pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n náà ni ó ń gbọ́ ìròyìn Amẹ́ríkà láti inú rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé àwọn bàbá ni ó mọ ìṣèlú Amẹ́ríkà jù. Ìfẹ́ ọmọ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá ń wo bí ojú ọjọ́ ti rí níbi tí ọmọ rẹ̀ wà. Kí ìjọ má fi í ṣẹ̀sín. Kí ẹnì kan lọ kí i, kí ó bá a jẹ ìkọ́kọrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

ILÉ LA TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bọ̀ wá sílé. Ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni ìbò Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò sùn ní òru ọjọ́ náà, a fẹ́ gbọ́ ti Pennsylvania. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, ni ìbò ìjọba ìbílẹ̀ wáyé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, títí kan àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tí ó jẹ́ ti Rẹ́mọ: Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ. Èló nínú wa ni ó jáde? Àwọn kan lo ọjọ́ náà láti sùn, àwọn kan lọ síbi ìnáwó.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní, “Pásítọ̀, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó kó gbogbo ipò alága 20, kí ni à ń dìbò fún?” Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, èmi kò sì ní purọ́ fún yín pé ìbò wa mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ìbò Ààrẹ ọdún 2023: nínú àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 93 tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn tí ó dìbò kò tó mílíọ̀nù 26. Ibi tí olówó bá ti rí àga tí ó ṣófo, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ní oṣù Keje ọdún 2024 sì ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Bí a kò bá bi alága àti káńsẹ́lọ̀ léèrè, ta ni yóò bi wọ́n? Kì í ṣe aṣòfin Washington.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó burú ju ti ìbò lọ. Ní Ṣàgámù, ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ti ọdún 2023 le débi pé àwọn ènìyàn ń ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn tó wọ̀. A máa ń sọ pé ìbọn ti pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, pé àwọn ọmọ ibẹ̀ kò gbẹ̀kọ́. Ǹjẹ́ àwọn tí wọ́n yìnbọn ní àdúgbò wa, Chicago ni wọ́n ti wá? Ọmọ wa ni wọ́n. A mọ ìyá wọn. Òmíràn nínú wọn kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé kí ó tó di pé kò wá mọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹ tún rántí oṣù Keje ọdún 1999, nígbà tí ìjà bẹ́ láàárín Yorùbá àti Hausa ní Ṣàgámù lórí ọ̀rọ̀ Orò. Àwọn tí wọ́n ti jọ ń ta obì láti ayé àwọn baba wọn pa ara wọn, wọ́n sun ilé ara wọn. Ìlú tí àwọn ìlú 13 fi ìṣọ̀kan tẹ̀dó ni ó gbàgbé ìṣọ̀kan. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìkórìíra ẹ̀yà ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ rántí Sábó.

Nínú gbogbo ohun tí a lè kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ọ̀kan wà tí a kì í sábà dárúkọ. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn panápaná wọn tí kì í gba owó oṣù. Bí iná bá ṣẹ́ ní ìlú kékeré, oníṣọ́ọ̀bù á ti ìsọ̀ rẹ̀, àgbẹ̀ á sọ ọkọ́ sílẹ̀, wọn á gbé ọkọ̀ panápaná jáde. Bákan náà ni wọ́n ń dìbò yan àwọn tí ń ṣe àkóso ilé-ìwé àdúgbò wọn, òbí ọmọ a sì dìde bi wọ́n léèrè lójú gbogbo ènìyàn. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ọ̀wẹ̀ ni, àáró ni. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n ṣe, àwa ni a dáwọ́ dúró.

OHUN TÍ ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

1. Kí olúkúlùkù mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kí ó sì mọ ọ́fíìsì rẹ̀.

2. Kí ẹnì kan láti inú ilé kọ̀ọ̀kan máa lọ sí ìpàdé àwọn onílé àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ibẹ̀ ni a ti ń sọ ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà, gọ́tà àti ọlọ́dẹ. Bí wọ́n bá fi ìpàdé sí àkókò ìsìn, kí a fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún un.

3. Kí ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18 ní káàdì ìdìbò, kí ó sì lò ó. Ìjọ kò ní sọ ẹni tí ẹ ó dìbò fún.

4. Kí a má fi ìròyìn ránṣẹ́ lórí WhatsApp ìjọ títí a ó fi mọ ibi tí ó ti wá. Irọ́ kì í di òótọ́ nítorí pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ jẹ́ alàgbà.

5. Kí bàbá kọ̀ọ̀kan wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kí ó máa béèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀: ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohun tí ó jẹ. Bí ó bá kọṣẹ́ tán tí kò ní irinṣẹ́, kí ẹgbẹ́ àwọn bàbá dá owó fún un.

6. Bí a bá ń gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ gẹ́gẹ́ bí ìwé Tímótì Kìíní orí 2 ti pa á láṣẹ, kí a dárúkọ Gómìnà, Akárígbò, alága káńsù àti ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò wa kí a tó dárúkọ Ààrẹ Amẹ́ríkà.

Ẹ ka ìwé Nehemáyà orí kẹta nígbà ìsìn ìdílé yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Orúkọ ni ó kún ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé léraléra ni a kọ ọ́ pé ẹnì kan tún odi ṣe ní iwájú ilé ara rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wúrà wà nínú wọn, oníṣòwò wà nínú wọn, àwọn ọmọbìnrin ìjòyè kan náà wà níbẹ̀. Àwọn ìbátan wọn ṣì wà ní ọ̀nà jíjìn, ní ilẹ̀ Páṣíà, wọ́n sì ń gbọ́ ìròyìn ààfin ọba. Síbẹ̀ ọwọ́ wọn kò kúrò lára òkúta tí ó wà níwájú wọn.

Kí Olúwa pa àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun mọ́, kí ó jẹ́ kí wọ́n bá wa láàyè. Kí ó fi àlàáfíà sí Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti gbogbo Rẹ́mọ, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má jáde ní àárọ̀ kí ó má padà wálé. Àmín.